Ilé Ẹ̀kọ́ Méjì, Orí Kan

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, Jerome Van Gorkom, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ Trans Union ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fi ta iléeṣẹ́ náà. Ibi àríyá ló ti fọwọ́ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ olùdarí ti jókòó fún nǹkan bíi wákàtí méjì, Van Gorkom sì ti fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé fún wọn pé oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Jay Pritzker fẹ́ ra ìpín kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 55. Nǹkan bíi dọ́là 37 ni wọ́n ń ta ìpín náà lọ́jà lásìkò yẹn, nítorí náà iye ọ̀hún dùn ún gbọ́ létí. Kò sí ìwé kankan níwájú wọn tó ṣírò iye tí iléeṣẹ́ náà tó gan-an. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka ìwé àdéhùn náà kí wọ́n tó gbà á.

Àwọn onípìn-ín gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di oṣù Kíní ọdún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Delaware dájọ́ pé àwọn olùdarí náà jẹ̀bi. Adájọ́ mẹ́ta fara mọ́ ọn, méjì kọ̀. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé wọ́n jalè, kò sì sọ pé wọ́n ta iléeṣẹ́ náà lówó pọ́ọ́kú. Ohun tó dá wọn lẹ́bi ni pé wọn kò wádìí tó kí wọ́n tó pinnu. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 23.5 dọ́là ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan wà nínú ìdájọ́ yẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ilé ẹjọ́ kàn mẹ́nu bà á kọjá ni: Van Gorkom jẹ́ lọ́yà, ó sì tún jẹ́ oníṣirò owó tó gbàwé ẹ̀rí. Ìmọ̀ méjèèjì wà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ ló dá dọ́là 55 náà. Bó ṣe dá a ni pé ó wo iye gbèsè tí owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ náà lè san tán láàárín ọdún márùn-ún bí ẹnì kan bá yáwó rà á. Agbára ẹni tó ń rà ló ṣírò. Kò ṣírò iye tí ohun tó ń tà tó. Oníṣirò inú rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, lọ́yà inú rẹ̀ náà sì mọ̀ pé ọ̀la lè béèrè ẹ̀rí. Àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

Mo gbé ìtàn yìí síwájú nítorí pé èmi náà ń lé ìmọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wà ní ọdún kẹta nínú ètò ọlọ́dún mẹ́rin tí yóò fún mi ní oyè JD nínú òfin àti MBA nínú òwò. Ohun tí mo ti wá gbà gbọ́ ni pé kíkà wọ́n pọ̀ kò ní kí wọ́n pàdé. Iṣẹ́ mímú kí wọ́n pàdé, akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ín. Bí kò bá ṣe é, á jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí méjì, irú alẹ́ Sátidé tí Van Gorkom rí sì lè dé bá òun náà.

Fún ẹni tí ètò yìí kò tíì yé: ní Amẹ́ríkà, èèyàn gbọ́dọ̀ ti gba oyè yunifásítì àkọ́kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ òfin. Ọdún mẹ́ta ni JD, ọdún méjì ni MBA. Ẹni tó bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò lo ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá kà wọ́n pọ̀ yóò lo mẹ́rin ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ka díẹ̀ lára iṣẹ́ tó ṣe lọ́dọ̀ èkejì mọ́ tirẹ̀. Ètò náà ti pẹ́. Mitt Romney, tó wá di gómìnà Massachusetts, gba oyè méjèèjì ní Harvard ní ọdún 1975. Àwọn bíi Northwestern, Yale, Columbia àti Pennsylvania ní ètò tó kúrú sí ọdún mẹ́ta. ABA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń fi ìlànà lélẹ̀ fún apá òfin: ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní kírẹ́díìtì 83, a kò gbọdọ̀ parí rẹ̀ kí oṣù 24 tó pé, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá oṣù 84.

Mo mọ àwọn tó fẹ́ràn ètò ọlọ́dún mẹ́ta nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan tí wọn kò ní san, àti owó oṣù ọdún kan tí kò ní bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìṣirò wọn tọ̀nà. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ọdún mẹ́rin ni màá ní kó mú bí agbára rẹ̀ bá ká a. Kíka ìwé kọ́ ló ń gba àkókò jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ó ń pẹ́ kí ìbéèrè tí èèyàn gbọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó máa sọ sí i lọ́kàn fúnra rẹ̀ nígbà tó bá jókòó sí èkejì. Ó tó nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kó tó máa ṣẹlẹ̀ sí èmi.

Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ló ń fi ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ kọ́ni. Christopher Columbus Langdell ló dá ọ̀nà ìkọ́ni yìí sílẹ̀ lẹ́yìn tó di olórí ilé ẹ̀kọ́ òfin Harvard ní ọdún 1870. Dípò kí olùkọ́ máa ka òfin kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì há a sórí, ó ní kí wọ́n lọ ka ìdájọ́ ilé ẹjọ́ fúnra wọn, kí olùkọ́ sì máa da ìbéèrè bò wọ́n lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ òwò Harvard bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Nígbà tí Wallace Donham di olórí rẹ̀ ní 1919, ó fi ọ̀nà ìkọ́ni yìí ṣe òpó ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ òfin ni òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà náà fi kúrò ní òfin dé òwò, nǹkan kan yí padà nínú rẹ̀.

Ìtàn tí à ń kà ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ti parí. Ẹnì kan ti jàre, ẹnì kan ti jẹ̀bi, adájọ́ sì ti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti rìn padà sẹ́yìn nínú rẹ̀: èwo nínú àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni adájọ́ gbára lé? Bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò, ṣé ìdájọ́ náà á ṣì dúró? Olùkọ́ lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pè sì gbọ́dọ̀ dáhùn lójú gbogbo kíláàsì. Ohun tí wọ́n kórìíra jù níbẹ̀ ni kí èèyàn sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé.

Ní ilé ẹ̀kọ́ òwò, ìtàn máa ń dúró láàárín méjì. Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan wà lórí ìjókòó rẹ̀, ìròyìn tó ní kò pé, ẹni tó ń bá a díje ti ń gbéra, ó sì gbọ́dọ̀ pinnu. Kí ni kó ṣe? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé “ó yẹ ká tún wádìí sí i” kì í ṣe ìdáhùn bí èèyàn kò bá lè sọ iye tí ìwádìí náà yóò ná wọn àti ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń dúró. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú níbẹ̀ níyì, kódà bí ẹ̀rí rẹ̀ bá tín-ín-rín.

Nígbà tí mo kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ òwò lẹ́yìn ọdún kan nínú òfin, àwọn tí a jọ wà ní ẹgbẹ́ iṣẹ́ ṣàkíyèsí pé gbogbo ohun tí mo bá kọ́kọ́ sọ ló jẹ́ nípa ohun tó lè bàjẹ́. Nígbà tí mo padà sí òfin, ìbéèrè míì ló gbà mí lẹ́nu. Mo máa ń fẹ́ mọ iye: èló ni wọ́n ń jà lé lórí? Èló ni ẹjọ́ náà ná wọn? Ǹjẹ́ kò ní sàn fún wọn kí wọ́n ti parí rẹ̀ nílé? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùkọ́ á dáhùn pé ìdájọ́ kò sọ. Òótọ́ ni, kò sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn dé ilé ẹjọ́, tó sì mú kí wọ́n má kúrò níbẹ̀, inú iye tí kò sọ yẹn ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó wọ́pọ̀ nínú títa iléeṣẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tó ń tà ní iléeṣẹ́ òun tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tó ń rà ní kò ju ọgọ́rin lọ. Wọ́n á wá fẹnu kò pé kí wọ́n san ọgọ́rin báyìí, kí wọ́n sì san ogún tó kù lẹ́yìn ọdún méjì bí èrè bá dé ibi tí ẹni tó ń tà sọ pé yóò dé. Ní ilé ẹ̀kọ́ òwò, wọ́n kọ́ wa pé ọgbọ́n ńlá ni: ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ yóò jèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀, òwò kò sì ní dàrú nítorí iye. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́ èyí ni mo ń ka ẹjọ́ lórí irú àdéhùn kan náà ní apá òfin, ohun tó sì hàn níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ra iléeṣẹ́ tán, ta ni yóò máa darí rẹ̀ fún ọdún méjì yẹn? Ẹni tó rà á ni. Bó bá gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ síbòmíì, bó bá dín owó ìpolówó kù, èrè kò ní dé ibi tí wọ́n sọ, kò sì ní san ogún mílíọ̀nù. Ṣé ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn àbí ó kàn ń darí ohun ìní rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe túmọ̀ èrè nínú ìwé náà, ṣáájú owó orí àbí lẹ́yìn rẹ̀? Àríyànjiyàn tí wọ́n rò pé àwọn ti yanjú lórí iye, wọ́n kàn sún un síwájú ni, ó sì máa ń padà dé pẹ̀lú lọ́yà.

Oníṣòwò tí kò mọ èyí á fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Lọ́yà tí kò mọ òwò á ní kí wọ́n má ṣe é rárá, òwò tí ì bá ṣe ẹni méjèèjì láǹfààní á sì bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ apá méjèèjì á béèrè ohun kẹta: ohun wo ni a lè wọ̀n tí ẹni tó rà á kò ní rọrùn láti yí lórí? Ó lè jẹ́ owó tó wọlé látọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà dípò èrè, nítorí inú ìnáwó ni ọ̀pọ̀ ọgbọ́n àyínìke ń sá pamọ́ sí. Ìbéèrè kẹta yìí ni mo torí rẹ̀ wá. N kò rí i nínú ìwé ẹ̀kọ́ apá kankan nínú méjèèjì.

Kíláàsì kan ṣoṣo ló wà tí mi ò ti ní láti so wọ́n pọ̀ fúnra mi, ìyẹn kíláàsì òfin iléeṣẹ́ tó wọ gbèsè. Nínú òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1978, abẹ́ orí tí wọ́n ń pè ní Chapter 11, iléeṣẹ́ tí kò lè san gbèsè rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́ àbò ilé ẹjọ́ títí yóò fi tún ètò rẹ̀ tò. Àwọn tí iléeṣẹ́ náà jẹ lówó máa ń tò tẹ̀lé ara wọn: ẹni tó gba ohun ìdúró ló ṣáájú, àwọn tí kò gba nǹkan kan tẹ̀lé e, àwọn onípìn-ín ló kẹ́yìn. Èló ni iléeṣẹ́ náà tó? Gbogbo ìjà wà nínú ìbéèrè yẹn. Bí ó bá tó igba mílíọ̀nù, owó á dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò gbé gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó wà níwájú ni yóò máa jà pé iléeṣẹ́ náà kò tó nǹkan, àwọn tó wà lẹ́yìn ni yóò máa jà pé ó tóbi, oníṣirò oníkálukú á sì dé pẹ̀lú iye tó bá ẹni tó gbà á síṣẹ́ lára mu. Adájọ́, tó jẹ́ lọ́yà ní tirẹ̀, ló máa pinnu irú owó tí iléeṣẹ́ náà yóò rí lọ́dún mẹ́wàá tó ń bọ̀ àti iye tí owó ọ̀la yẹn tó lónìí. Níbẹ̀, ìṣirò owó ló ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, òfin ló sì ń sọ ìṣirò tí wọ́n á gbà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń lọ sí kíláàsì yẹn. Bí mo bá lágbára, gbogbo ẹni tó ń ka MBA ni màá ní kó jókòó síbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ibẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kàlẹ́ńdà wọn kò dọ́gba. Òfin ń fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ wé ti ẹlòmíì, kálukú ló sì ń kàwé fún ara rẹ̀. Òwò ń fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́. Èyí tó le jù ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nítorí iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe nínú ìsinmi yẹn ló sábà máa ń di iṣẹ́ tí wọ́n á fún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò ń fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa sá lọ sí báńkì, báńkì náà sì ń béèrè ìdí tó fi nílò òfin. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àlàyé púpọ̀: ó wọ́n. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Keje ọdún 2025 sì tún un tò. Ó ní kí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Grad PLUS dópin fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2026, ó sì fi gbèdéke sí ohun tó kù: dọ́là 50,000 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ bíi òfin, dọ́là 20,500 fún ẹ̀kọ́ bíi MBA. Ẹni tó ń ka méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ béèrè lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ irú èyí tí wọ́n á kà á sí lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kó tó gba àyè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ rárá.

Àwọn àgbà kan ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mi ò kó ọ̀rọ̀ wọn dànù, nítorí mo mọ ẹni tí ó bá mu. Ẹni tó mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé ẹjọ́ ọ̀daràn lòun fẹ́ máa gbà rò kò nílò MBA. Kó lo ọdún yẹn níwájú adájọ́. Ẹni tó fẹ́ darí iléeṣẹ́, tí kò sì fẹ́ràn kíka ìwé àdéhùn, yóò jìyà ọdún mẹ́ta lásán. Ẹni tó sì ń lé e nítorí pé kò tíì mọ èyí tó fẹ́, kó dúró díẹ̀, kó lọ ṣiṣẹ́ ná, torí ọdún mẹ́rin pọ̀ láti fi ronú. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ rírà àti títa iléeṣẹ́, títún gbèsè tò, tàbí dídá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí òfin ti ń ṣọ́ gbogbo ìgbésẹ̀, eku kan ṣoṣo ló ń lé. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló kàn ti ń wò ó.

Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn báyìí nìyí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá lọ́yà rẹ̀ sọ láti gba ìmọ̀ràn òfin jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, ilé ẹjọ́ kì í sábà fipá gbà á lẹ́nu wọn. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Upjohn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà sọ pé àbò yìí lè bo ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bá bá lọ́yà iléeṣẹ́ sọ. Ìmọ̀ràn òwò kò ní irú àbò bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wá fúnni ní ìmọ̀ràn méjèèjì nínú lẹ́tà kan ńkọ́? Ilé ẹjọ́ kan lábẹ́ ilé ẹjọ́ gíga náà ní kí a wo ohun tó jẹ́ ìdí pàtàkì tí wọ́n fi kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó gbọ́ àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní ọdún 2023, kí oṣù náà sì tó parí ó dá a padà láìdájọ́.

Ìyẹn ni pé ohun tí mò ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ láti so pọ̀ nínú ọkàn mi, òfin lè ní kí n tú u ká lórí ìwé. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, lọ́yà àgbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ní kí n máa kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan fún òfin, ọ̀kan fún òwò. Mo ṣe é, ó sì rọrùn títí mo fi dé orí ẹyọ iye kan. Ẹnì kan fẹ́ pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́, wọ́n sì ní kí n sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí wọ́n pàdánù àti iye tí yóò ná wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣì gbé ọjà náà jáde. Bó ṣe ṣeé ṣe tó, òfin ni. Iye tí yóò ná wọn, òwò ni. Bí wọ́n bá sì sọ méjèèjì di iye kan, inú lẹ́tà wo ni kí n kọ ọ́ sí?

Wọ́n ti gbà kí n fi ìbéèrè yẹn ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ mi. Olùkọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ òfin àti ọ̀kan láti ilé ẹ̀kọ́ òwò ni yóò jọ máa bójú tó o. Wọn kò tíì pàdé rí. Mo ti kọ̀wé sí àwọn méjèèjì láti bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n ráyè, kí a lè jọ jókòó.